Ta Ló Yọ Ojú-Ìwé Keje?

Ojú-ìwé keje ti lọ. Ẹkẹfà wà, ẹkẹjọ wà, àárín wọn ṣófo bí ibi tí eyín iwájú ti yọ.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n rí i. Aago méjìlá ni àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ológun pẹ̀lú orílẹ̀-èdè yìí, orílẹ̀-èdè tí kò tóbi, tí kò sì kéré, tó ń rìn láàárín àwọn ńlá bí ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ojú-ìwé keje nìkan ló sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kó ọmọ ogun wa lọ sójú ogun láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa gbà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà. Àwọn àlejò sì ti wí pé bí nǹkan bá dín níbẹ̀, bó ṣe wà náà làwọn máa fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ ogun wa á ṣíwájú. Àwọn alágbára á wà lẹ́yìn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́.

Ìyá agbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ta ni wọn ì bá tún mú?

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè ni obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Wòótán, torí kì í kúrò nídìí nǹkan àfi tó bá wò ó tán. Ó wọlé, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n:

"Àdán kò ṣeku, àdán kò ṣẹyẹ,
Ó bá ẹyẹ jẹ, ó bá eku sùn,
Ọjọ́ ìjà dé, ó sorí kodò!"

Inú bí Ọ̀gágun tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Àmì-ẹ̀yẹ ń dún láyà rẹ̀ bí ṣaworo, bẹ́ẹ̀ kò jagun rí.

"Ṣé orin lo wá kọ níbí ni?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gágun. Mo gbọ́ pé ẹ ní ìwé ojo ni ojú-ìwé keje."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Èmi àti ayafọ́tò wọbí láago mẹ́jọ. Ó ya tábìlì, ó ya èmi náà. A jọ wọlé, a jọ jáde."

Wòótán kọjú sí Akọ̀wé Àgbà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìkíni.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Èmi? N ò tíì tẹ yàrá yìí láàárọ̀ yìí. Ọ́fíìsì mi ni mo gbà lọ tààrà. Ẹ bi agbálẹ̀. Òun ló ní kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ̀yin ò ní?"

"Mo ní. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà."

Ìyá agbálẹ̀ fa ara síwájú nínú àga tí wọ́n fi í sí.

"Àǹtí, n ò mọ̀wé. Kí ni màá fi bébà ṣe?"

"Màmá, kí lẹ ṣe níbí láàárọ̀?"

"Mo nu tábìlì. Mo fi okùn wọn àsíá kékeré méjèèjì, tiwa àti tàlejò. Àṣẹ ni pé kí wọ́n ga dọ́gba. Lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ fọ báàkẹ́tì."

Wòótán sọ ohun tó wà nínú ojú-ìwé keje fún un. Obìnrin náà ká ọwọ́ lérí.

"Ọmọ mi kan ṣoṣo wà nínú àwọn ọmọ ogun yẹn!"

Wòótán wo tábìlì. Àsíá tiwa fi ìka méjì rẹlẹ̀ ju tàlejò lọ. Ó gba fóònù ayafọ́tò. Nínú fọ́tò aago mẹ́jọ, wọ́n dọ́gba.

Ó gbé àsíá wa sókè, ó dè é padà. Ó ní kí Ọ̀gágun àti Akọ̀wé Àgbà dúró de òun nínú yàrá. Òun àti Màmá bá jáde, wọ́n ń yọjú wò wọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀gágun jókòó, ó ya ẹsẹ̀, ó pè fún tíì. Akọ̀wé Àgbà ń rìn káàkiri. Ojú rẹ̀ bá tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ nà jáde fúnra rẹ̀, ó tú ìdè, ó fa àsíá wa wálẹ̀ níwọ̀n ìka méjì, ó sì rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí bí ẹni ń sọ fọ́mọ pé kó kúnlẹ̀ kí àgbà.

Wòótán wọlé. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀, sà?"

Akọ̀wé Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi tẹlòmíì. "Àwọn... àwọn àlejò ńlá ni. Ọmọ kì í bá bàbá dọ́gba."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí láago mẹ́sàn-án. Láago mẹ́jọ, ó dọ́gba. Ẹni tó wọlé láàárín ló fà á wálẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ní ẹ ò tẹ ibí. Ẹ bọ́ kóòtù yín."

Ojú-ìwé keje wà ní àpò inú, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin.

"Kọ́kọ́rọ́ mi ni mo fi wọlé nígbà tí agbálẹ̀ ń fọ báàkẹ́tì," ni ó wí. "Mo fẹ́ fi hàn wọ́n, kó jẹ́ ẹ̀rí pé èmi ni mo yọ ọ́. Wọ́n ṣèlérí ipò fún mi ní olú iléeṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn."

"Ipò wo?"

"Igbákejì akọ̀wé."

"Igbákejì gidi?"

"Igbákejì... kẹta."

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín títí àmì-ẹ̀yẹ fi ń dún.

"Ẹ̀yin náà, ẹ má rẹ́rìn-ín," ni Wòótán wí. "Wọ́n fa àsíá wálẹ̀ níwájú yín, tíì lẹ̀ ń béèrè."

Ìyá agbálẹ̀ súnmọ́ Akọ̀wé Àgbà, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ ọlọ́mọ! Nítorí igbákejì kẹta! Olè mìíràn á tiẹ̀ jí ohun tó tó jí."

Wọ́n mú un jáde. Wòótán tún bébà náà nà lórí tábìlì.

"Àǹtí, ẹ kà á fún mi."

Wòótán kà á. Ọkọ̀ àwọn alágbára ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Ọ̀gágun dìde, ó ń tún kọ́là ṣe. "Wọ́n ti dé! Ẹ tètè!"

Màmá ò wo ibẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Kí wọ́n dúró síta," ni ó wí. "Ẹ tún un kà."