Ohun Tí Sèlíátù Rí àti Ohun Tí Wọ́n Sọ fún Un

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Sèlíátù, ìyá Qoreebah, kúrò ní ọjà ńlá ìlú Bouaké. Ó ti palẹ̀ aṣọ tí kò tà mọ́, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní àdúgbò Sokoura. Ọbẹ̀ tí yóò sè ló ń rò lọ́kàn.

Bàbá Àmọ̀sù ń lọ níwájú rẹ̀. Télọ̀ ni bàbá náà, àgbàlagbà ni, ilé wọn kò sì jìnnà síra. Bàbá bọ́ sí títì pé kí òun sọdá. Kí ó tó dé òdìkejì, alùpùpù kan já dé pẹ̀lú eré, ó gbá a, bàbá ṣubú. Ẹni tó gùn ún dúró bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó tẹná mọ́ ọn, ó sá lọ.

Sèlíátù ju ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá bàbá. Itan bàbá ti ṣẹ́. Kí Sèlíátù tó gbójú sókè, èrò ti pé lé wọn lórí.

Waheed, ọmọ Bàbá Àmọ̀sù, wà lára àwọn tó sáré dé.

"Ìyá Qoreebah, ó ṣojú yín, àbí? Wọ́n ní alùpùpù pupa ni, àbí kì í ṣe pupa?"

"Bóyá," ni Sèlíátù wí. "Ó ṣeé ṣe."

Ọkùnrin kan fi èdè Jùlá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Malick ni. Òun ló ń fi alùpùpù pupa gbérò ládùúgbò yìí. Eré àsápajúdé ni tirẹ̀."

"Ẹni náà dé akoto dúdú, àbí?" ni Waheed tún bi í. "Akoto Malick, dúdú ni."

"Ó jọ pé ó dé akoto."

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára bàbá ni Sèlíátù ń wò nígbà tó ń dáhùn. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fi sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé Ìyá Qoreebah ti rí i, Malick ni.

Wọ́n bá Malick níbi tó ti ń dúró de èrò. Wọ́n lù ú títí ẹnu rẹ̀ fi fọ́, tí ojú rẹ̀ kan wú dí. Àwọn ọlọ́pàá ló gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì mú un lọ sí kọ̀misáríà, àgọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ẹni tó yà sí ìsọ̀ Sèlíátù ló fẹ́ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ń tún un sọ. Bó ṣe ń tún un sọ ni ìtàn náà ń gún sí i. Láàárọ̀, ó ní alùpùpù náà jọ pupa. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní pupa ni. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó sọ fún obìnrin kan pé, "Malick ni. Mo rí ojú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán, ó wá dúró. Ẹni tó dé akoto, báwo ni òun ṣe rí ojú rẹ̀? Aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wọ̀n. Ó gé e kúrú.

Nígbà tó délé, Yàkúbù ọkọ rẹ̀ rí i pé ara rẹ̀ kò lélẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni Sèlíátù wí. "Tí mo bá pajú dé, mò ń rí Malick lórí alùpùpù pupa. Mò ń rí i kedere. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ojú títì ni mo ti rí i, tàbí ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti gbà á."

"Ṣé irọ́ lo pa ni?"

"N kò parọ́. Òtítọ́ tí mo mọ̀ ni mò ń sọ. Òtítọ́ ọ̀hún ni kò yé mi mọ́."

Kò pẹ́ tí Waheed wọlé. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ń fẹ́ rí Sèlíátù lọ́jọ́ kejì, òun yóò sì bá a lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má yí ohùn padà. Bàbá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbá a, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin nìkan ni a gbójú lé."

Àánú ẹni tó fara pa ń ṣe Sèlíátù. Àánú ẹni tó wà ní àtìmọ́lé náà ń ṣe é. Kò mọ ẹni tí òun yóò gbè.

Ọlọ́pàá tó pè wọ́n ní kọ̀misáríà ni Priscille. Ọmọ Anago, ìyẹn Yorùbá, bíi tiwọn ni, Bouaké ni wọ́n bí i sí. Wọ́n ti kọ́ ọ nípa bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tí nǹkan ṣojú rẹ̀ lẹ́nu wò. Ó kí Sèlíátù, ó fún un lómi mu, ó sì yíjú sí Waheed.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè wá níta."

"Mo fẹ́ wà níbẹ̀ ni, kí n lè máa rán wọn létí."

"Ìyẹn gan-an ni kò yẹ kó ṣẹlẹ̀," ni Priscille wí.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó jókòó. "Tàntí, èmi kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Torí náà, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Ẹ má méfò nítorí mi."

"Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ látorí Malick?"

"Ẹ má tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọkàn padà sójú títì yẹn. Ẹ lè pajú dé tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí? Kí lẹ gbọ́? Kí lẹ ń rò?"

Sèlíátù pajú dé. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Priscille kò kán an lójú.

"Oòrùn ń tàn sí mi lójú," ló wí níkẹyìn. "Mò ń rò ó bóyá ilá ṣì kù nílé. Mo gbọ́ ìró alùpùpù, ó ń dún bí ẹni tó ń wúkọ́. Òórùn kan sì wà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan."

"Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, àní èyí tó jọ pé kò wúlò."

"Òórùn kajú ni, bí èyí tó máa ń wá láti àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní àdúgbò Zone. Àpò funfun kan wà lẹ́yìn alùpùpù náà, okùn ni wọ́n fi dè é. Ẹnu àpò ti tú. Kajú ń dà sílẹ̀. Mo tẹ kajú mọ́lẹ̀ nígbà tí mò ń sáré lọ bá bàbá."

Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sẹ́ni tó fún un láyè láti sọ ọ́.

"Ẹ wá tún un sọ fún mi láti ìparí," ni Priscille wí. "Ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀."

"Ó sá lọ. Kó tó sá lọ, ó wo ẹ̀yìn. Kó tó wo ẹ̀yìn, ó fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, àpò yẹn wọ́ sápá kan, ó fọwọ́ tì í padà."

"Alùpùpù náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ lè sọ nípa rẹ̀?"

"Mi ò rí àwọ̀ rẹ̀. Oòrùn wà níwájú mi. Waheed ló ní pupa ni." Omijé bọ́ lójú Sèlíátù. "Ojú Malick tí mò ń rí yìí, ibo ló ti wá?"

"Kì í ṣe irọ́ lẹ pa, Tàntí. Ìrántí èèyàn kì í ṣe fọ́tò tó wà nínú fírémù. Bí ẹnìkan bá bi yín ní ìbéèrè tó ti ní ìdáhùn nínú, ìdáhùn yẹn lè wọlé lọ jókòó sáàárín ohun tí ẹ rí, kí ẹ má sì mọ ìgbà tó wọlé. Bí ẹ bá ṣe ń tún un sọ, á máa dá yín lójú sí i. Ó lè dá èèyàn lójú, kó má sì jẹ́ òtítọ́."

"Kí ni kí n wá sọ báyìí?"

"Ohun tí ẹ rí, àti ohun tí ẹ kò rí."

Obìnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Priscille pè é lọ́tọ̀, kò sọ ohun tí Sèlíátù wí fún un. Obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ mẹ́nu ba àpò funfun tí kajú ń dà nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wá tọ ọ̀rọ̀ kajú lọ sí Zone. Wọ́n rí ẹni tó gbé àpò náà, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀rù pé àwọn èèyàn máa lu òun ló mú kí òun sá. Alùpùpù rẹ̀ kì í ṣe pupa, àwọ̀ búlúù ni.

Wọ́n dá Malick sílẹ̀. Sèlíátù àti Waheed lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Wọ́n kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n dìde. Ẹnu rẹ̀ kò tíì jinná, ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Mo ti gbọ́, Tàntí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lù mí, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà lọ bi yín dáadáa. Kò sẹ́ni tó lọ."



Ẹ̀yin ará wa, bí nǹkan bá ṣojú yín, ẹ má jẹ́ kí èrò sọ ọ́ fún yín. Ẹ tọ́jú ẹni tó fara pa, ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ má sì jókòó ti àwọn ẹlẹ́rìí yòókù kí ẹ jọ máa to ìtàn pọ̀. Sísọ pé "mi ò mọ̀" kò dójú tini, ó lè gba ẹ̀mí là.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bèèrè, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín tàbí aládùúgbò, ẹ má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Ẹ má bèèrè pé, "Pupa ni, àbí?" Ẹ ní, "Kí lo rí?" Kí ẹ wá dákẹ́, kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bó bá dúró láti ronú, ẹ dúró dè é. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́wọ́ sókè lu èèyàn nítorí ohun tí wọ́n ní ẹnìkan ní òun rí.