Ojú Ìwé Tí Ògbufọ̀ Fò

"Ògbufọ̀, kí ni wọ́n sọ nípa àwọ̀ wáyà?"

Bàbá rẹ̀ ló ń bi í. Ìdí tábìlì ilé ìdáná ni wọ́n jókòó sí, ìwé ìdánwò oníná wà níwájú ọmọ, pákó tí bàbá fi ń dánra wò wà láàárín wọn, wáyà gun orí ara wọn lórí rẹ̀. Ògbufọ̀ ni bàbá ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé orílẹ̀-èdè yìí, nítorí òun ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ èdè ibẹ̀. Níbi tí wọ́n ti wá, ògbóǹtarìgì oníná ni bàbá. Ilé ìwòsàn o, ilé ẹ̀kọ́ o, kò sí ibi tí kò fa iná sí. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tó gbà lọ́hùn-ún kò já mọ́ nǹkan kan níbí àyàfi tó bá yege ìdánwò tiwọn. Títí dìgbà náà, ẹrù wáyà ni yóò máa rù tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí yóò sì máa pè é ní "ọ̀gá".

Fóònù Ògbufọ̀ gbọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà ní pápá, òun nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ó wo ojú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ kún ibẹ̀ bámúbámú, àwòrán wáyà dúdú kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ya mànàmáná sí lára. Ó ṣí i kọjá.

"Bákan náà ni pẹ̀lú ti ilé wa lọ́hùn-ún, Bàámi."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa."

"O ṣé, ọmọ mi. Ó yá, máa lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ."

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n gbà kí Ògbufọ̀ dúró ti bàbá rẹ̀ láti máa túmọ̀. Obìnrin kan tó ti hewú, tójú rẹ̀ le koko, ni olùdánwò. Ó tọ́ka sí gílóòbù kan tí kò tàn, ó ní kí bàbá wá ohun tó ṣe é. Bàbá tú ìdérí rẹ̀, wáyà dúdú kan sì yọrí síta. Lọ́hùn-ún, dúdú kì í ní iná nínú, pupa ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bàbá nawọ́ sí i. Àwòrán mànàmáná yẹn padà sójú Ògbufọ̀. Ó la ẹnu láti pariwo.

Ṣùgbọ́n bàbá ní ìṣe kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ lọ́hùn-ún. Kì í fọwọ́ kan wáyà kankan láìkọ́kọ́ fi tẹ́sítà, irinṣẹ́ tó ń tàn bí iná bá wà nínú wáyà, kàn án, ìbáà jẹ́ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná rẹ̀. Ó fi tẹ́sítà kàn án. Tẹ́sítà tàn yòò.

Bàbá fa ọwọ́ padà. Ó wo wáyà, ó sì wo ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé tó fi dúró?" ni olùdánwò bi Ògbufọ̀.

"Sọ fún un pé n kò mọ òfin àwọ̀ ti ibí," ni bàbá dáhùn. "Mo rò pé kò sí iná nínú dúdú."

Irọ́ tó máa kó wọn yọ ti wà lẹ́nu Ògbufọ̀: "Ó ní òun kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni." Ta ni yóò mọ̀? Òun nìkan ló gbọ́ èdè méjèèjì nínú yàrá náà. Tó bá sì sọ òótọ́, ẹrù wáyà tún ni fún bàbá rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tí irọ́ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, tí kò sì tọ́ka ìka sí òun. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ó ní òun kò mọ̀ pé dúdú ló ní iná níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, mà. Èmi ni mò ń kàwé fún un. Mo fo ojú ìwé náà, mo sì parọ́ fún un."

Olùdánwò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó ní òfin ni òfin, bàbá kò yege apá ti àwọ̀, àfi kó padà wá tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló mú tẹ́sítà bàbá, ó yí i wò.

"Ọ̀pọ̀ ló ń wá síbí tó mọ àwọ̀ wọ̀nyí bí ẹní mumi, tí wọ́n sì ń fọwọ́ lásán kàn án. Sọ fún bàbá rẹ pé irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kó fa iná ilé mi."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Ògbufọ̀ sunkún. "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Irọ́ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ẹ́ di ọmọ òrukàn," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n òótọ́ tó o sọ lónìí wú mi lórí. Ọ̀la, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́."

Bàbá tún ru wáyà fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní ọ̀gá láìfajú ro. Ògbufọ̀ kàwé náà fún un láti páálí dé páálí. Ó tilẹ̀ ka orúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, bàbá sì rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó yege tán, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé àkọ́kọ́ tí yóò fa iná sí lórúkọ ara rẹ̀. Ó tú ìdérí suwíìṣì kan.

"Ògbufọ̀, èwo ló ní iná?"

"Dúdú ni, Bàámi."

"Ó dá ẹ lójú?"

Ògbufọ̀ rántí tábìlì ilé ìdáná. Ó ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi lé wa lọ́wọ́, kò sì yẹ kí á fi ìkánjú dá a lóhùn nítorí eré. Ó nawọ́ sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní tẹ́sítà, kí n kọ́kọ́ wò ó."