Ọjọ́ tí Ìbínú Tán Nínú Ìbíyẹmí

Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlú Ìsàlẹ̀-Òkun pè é ní apẹ̀tùsọ́kàn, wọ́n sì ń fi í sábẹ́ awọ ẹ̀yìn etí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìbínú bá ti fẹ́ ru sókè lọ́kàn ènìyàn, kó tó dé ọ̀fun, apẹ̀tù á ti pa á bí ẹni pa àtùpà.

Nígbà náà, òkun ti gba ilẹ̀ etíkun tipẹ́. Àwọn tí kò fẹ́ fi ibi tí wọ́n sin baba wọn sí sílẹ̀ kọ́ ìlú onídígí sábẹ́ omi, ogójì ẹ̀rọ afami ló sì ń fa omi jáde tọ̀sán-tòru kí ìlú má bàa rì. Ìbíyẹmí, obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí.

Iṣẹ́ náà ò le, àmọ́ ó ń jẹni díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti ń jẹ òpó. Láàárọ̀, ilẹ̀kùn á bi í ní orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé òun ni. Ẹ̀rọ tíì á bu omi tútù fún un. Tó bá kọ ìròyìn tán, ọ̀gá á ní kó tún un kọ, nítorí ó kọ "ó ń jò díẹ̀" níbi tó yẹ kó kọ "ó ń jò níwọ̀nba." Kó tó di ọ̀sán, orí rẹ̀ á ti gbóná.

Ohun tó ń gbé e dé ìrọ̀lẹ́ ni orin Ẹgbẹ́ Ẹwìrì. Àwọn olórin márùn-ún yìí ti kú láti bí ọgọ́ta ọdún. Wọ́n po jáàsì mọ́ rọ́ọ̀kì débi pé ènìyàn ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìlù wọn ń ka méje níbi tí ẹlòmíì á ti ka mẹ́jọ. Sakisofóònù, fèrè wọn, á sá lọ bí ẹni tí kò ní bọ̀ mọ́, gìtá á máa bá a jà lẹ́yìn, ọkàn ẹni á so rọ̀, àfi lójijì tí gbogbo wọn á tún pàdé. Bàbá Góróyè, tó ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí afami, ló fi orin náà hàn án. Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì á fẹ̀yìn ti ògiri, wọn á máa jiyàn.

"Onígìtá ló ni ẹgbẹ́ yẹn," Bàbá á ní.

"Bàbá, ẹ ò fetí sí fèrè ni. Gìtá kàn ń tẹ̀lé e kiri ni."

Lọ́jọ́ kan, Dókítà Ṣíjúadé, obìnrin tó ṣe apẹ̀tù, wá sí ilé iṣẹ́ wọn.

"Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ kù tí ẹ ò tíì gba apẹ̀tù, Bàbá," ó ní. "Wàhálà iṣẹ́ ń pa àwọn ènìyàn wa láìtọ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo gbọ́, dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú níbí ló ń jẹ́ kí n dìde. Tí afami bá ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so, tí kò sì ni mí lára, ta ni yóò lọ wò ó?"

"Aago ìdágìrì wà fún ìyẹn, sà."

"Aago ò mọ ẹni tó ń rì."

Bàbá kọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìbíyẹmí ṣì wà nínú báńdéèjì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi ìbínú gbá tábìlì iṣẹ́ títí dígí rẹ̀ fi là.

"Èmi máa gbà á," ó ní. "Ó ti sú mi kí n máa gbé ìbínú iṣẹ́ lọ bá ìyá mi nílé."

Bàbá padà sídìí afami rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi apẹ̀tù sí i lára tuni lára. Ilẹ̀kùn bi í lẹ́ẹ̀mẹta, ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún ìròyìn kọ láìmí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, òun àti Bàbá gbé Ẹwìrì sétí. Ó gbọ́ ohun gbogbo: ìlù ń ka méje, fèrè sá lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò so rọ̀. Nígbà tí fèrè àti gìtá tún pàdé, bí ẹni pa àpótí dé ni.

"Báwo ni?" Bàbá bi í.

"Ó dára. Onígìtá ló ni ẹgbẹ́ náà, bí ẹ ṣe máa ń wí."

Bàbá wò ó títí, ó sì pa orin náà.

Ní oṣù kẹta, afami kẹtàdínlógún ń ké láti àárọ̀. Ìbíyẹmí gbọ́ ọ. Ó kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ó ń ké níwọ̀nba. Nígbà tí Bàbá dé, tó gbọ́ igbe náà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tí afami náà wà. Kò pẹ́ tí páìpù fi bẹ́, tí ilẹ̀kùn kòtò sì pa ara rẹ̀ dé.

"Ìbíyẹmí," ohùn Bàbá wá láti inú rédíò, "omi ti dé àyà mi. Lọ fa irin tó ń ṣí ilẹ̀kùn kòtò sókè."

Inú iyàrá kejì ni irin náà wà. Ó sáré débẹ̀. Ilẹ̀kùn iyàrá náà bi í ní orúkọ. Ó sọ ọ́. Ilẹ̀kùn tún bi í. Àáké tí wọ́n gbé kọ́ fún àtifọ́ dígí ilẹ̀kùn wà lára ògiri lápá ọ̀tún rẹ̀. Ó rí i. Ìbíyẹmí àtijọ́ ì bá ti fi àáké náà dáhùn. Èyí dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ohùn kan náà. Nígbà tó fi fa irin, rédíò ti dákẹ́.

Níbi ìsìnkú, ìyàwó Bàbá di ọwọ́ Ìbíyẹmí mú, ó ní kó sọ bó ṣe jẹ́. Ìbíyẹmí sọ gbogbo rẹ̀, àti àáké àti igbe afami, láìfi nǹkan kan pamọ́, ojú rẹ̀ gbẹ. Obìnrin náà rọra tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbíyẹmí lọ bá Dókítà Ṣíjúadé.

"Ẹ yọ ọ́ fún mi."

Dókítà ò wojú rẹ̀. "Ó ti ta gbòǹgbò sínú ọpọlọ. Tó bá ti kọjá ogójì ọjọ́, kò ṣeé yọ mọ́."

"Ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"A mọ̀. A rò pé kò ní sí ẹni tí yóò fẹ́ kí a yọ ọ́."

Ìbíyẹmí jókòó, ó ń dúró de ìbínú. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó ti dé. Ó dúró títí nọ́ọ̀sì fi pe ẹlòmíì wọlé. Nígbà tí ìbínú náà kò dé, ó dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.