Ohun Tó Wà Lábẹ́ Irùngbọ̀n Wọn

Ọjọ́ tí Zubair kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgọ́-Ìwòyè, ìbòmú ló fi bo ojú títí dé ọrùn. Mo rò pé olè ni. Mo ti ń wá ohun tí n ó fi là á lórí kí ó tó kí mi.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń bá èèyàn pa irun rẹ́ pátápátá?"

"Irun ibo?" mo bi í. Àwọn ọmọbìnrin yunifásítì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà wa. Irun abíyá àti irun ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Ọkùnrin kì í sábà wá.

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà, ó wá yọ ìbòmú náà. Láti imú rẹ̀ lọ sókè, ọkùnrin arẹwà ni, n kò ní purọ́. Àmọ́ láti àgbọ̀n wálẹ̀ dé ọrùn, kókó ló kún ibẹ̀ bámúbámú, òmíràn ti di àpá dúdú, òmíràn ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Haneefah ni ó dìde. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni Haneefah, Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá ju tèmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí ó jókòó sábẹ́ iná.

"Ẹ ń fá a lójoojúmọ́, àbí?"

"Lójoojúmọ́. Panápaná ni mí. Ìbòjú tí a ń dè wọ inú iná gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara gbágbá. Bí irùngbọ̀n bá wà níbẹ̀, èéfín á rí àyè wọlé. Ọ̀gá wa kì í gbọ́ àwáwí."

"Kì í ṣe àrùn," Haneefah wí. "Irun tí ẹ fá ló mú lórí, tó bá ń hù padà, á ká wọnú ẹran ara. Òun ló ń di kókó."

Mo rí i tí èjìká ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì bá a sọ ọ̀rọ̀ àgbọ̀n rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

"Ọ̀nà méjì ló wà," Haneefah ń bá a lọ. "Lésà ni àkọ́kọ́. Iná ni, ó ń wá gbòǹgbò irun lọ. Oríṣi tí wọ́n ṣe fún aláwọ̀ dúdú ni tiwa, kò ní sun yín. Ẹ ó máa wá lóṣooṣù, irun á máa fẹ́lẹ́, á máa dín kù. Ṣùgbọ́n díẹ̀ lè tún yọjú lọ́jọ́ iwájú. Ìkejì ni abẹ́rẹ́ oníná. N ó ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ ihò irun kọ̀ọ̀kan, n ó sì pa gbòǹgbò rẹ̀. Ó ń pẹ́, ó sì ń gba sùúrù. Àmọ́ èyí tí abẹ́rẹ́ bá pa, ó tán nìyẹn."

"Kò ní hù mọ́ láyé?"

"Kò ní hù mọ́ láyé yín."

Zubair fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi lésà bẹ̀rẹ̀ ná."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Haneefah. Ó ní òun kò lè dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọkùnrin tí kì í ṣe màhárámù òun, ìyẹn ẹbí tí ẹ̀sìn kò gbà kó fẹ́ òun, kí n wá jókòó tì wọ́n, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. Bí mo ṣe di ẹlẹ́rìí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mo pa iṣẹ́ mi tì, mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò wọ́n.

Oṣù kìíní, wọn kò sọ ju "ẹ pajú dé" àti "ẹ ṣeun" lọ. Oṣù kejì, Haneefah bi í bóyá ó ń dùn ún.

"Bí ìgbà tí èèyàn bá fi rọ́bà ta mí," Zubair fèsì. "Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ta á, ẹ máa ta á lọ."

Haneefah fi híjáàbù bo ẹ̀rín. Mo wúkọ́. Wọn kò tilẹ̀ gbọ́.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kókó ti ń lọ, awọ ọrùn rẹ̀ ti ń dán. Kò fi ìbòmú wá mọ́. Ní ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀ rárá, a kàn rí i tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹja yíyan nínú àpò. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Efire létí omi ni.

"Ọjọ́ yín kò tíì pé, Bọ̀dá Zubair," Haneefah wí.

"Mo mọ̀. Àgbọ̀n mi kọ́ ló gbé mi wá." Ó wo èmi, ó wo ilẹ̀, ó wá wo Haneefah. "Haneefah, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Láti ọjọ́ tí o ti sọ pé kì í ṣe àrùn. Bí o bá gbà, mo fẹ́ kí àwọn òbí mi wá rí àwọn òbí rẹ."

Ọmọ náà gba ẹja. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọbìnrin tó bá gba ẹja lọ́wọ́ ọkùnrin tí ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ojú rẹ̀ ṣe ń tàn lọ́jọ́ náà, ó ti dáhùn.

Inú wọn dùn, inú tèmi náà dùn. Ìfẹ́ wọn kò ní ariwo. Haneefah ń pè é ní "Olólùfẹ́ mi" lórí fóònù, ó sì ń bi í bóyá iná jó níbì kan. Bí ó bá ní iná jó, Haneefah kò ní lè jẹun títí tí yóò fi pe padà.

Ọjọ́ tí lésà parí, ìwọ̀nba irun díẹ̀ ló kù. Zubair ní kí ó fi abẹ́rẹ́ oníná parí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Haneefah ti gbé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó béèrè.

"Baba yín mọ̀ nípa èyí?"

Zubair mirí pé rárá.

Gbogbo ọkùnrin ilé wọn ní Japara ló ní irùngbọ̀n dé àyà, Baba Làmídì tó bí i sì ni aṣíwájú wọn. Sunna Ànábì ni, ó sì jẹ́ iyì ìdílé wọn. Baba fara mọ́ fífá tí ọmọ rẹ̀ ń fá a nítorí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń wí fún un pé, "Ọjọ́ tí o bá fẹ̀yìn tì, wàá dá a sí, wàá jọ wá." Ohun tí bàbá yẹn ń retí nìyẹn. Abẹ́rẹ́ náà ló sì fẹ́ pa á yìí.

Haneefah gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, mi ò ní pa ohun tí bàbá yín ń retí láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ẹ lọ sọ fún wọn."

Zubair tó ń wọ inú ilé tó ń jó, ẹ̀rù bàbá rẹ̀ bà á. Ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la.

Àsìkò kan náà ni ìyá Haneefah, Àǹtí Asimawu, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọmọ fọ́kọ láìwádìí ilé, pàápàá nílẹ̀ wa. Ó rán Nimotalahi, àbúrò ọkọ rẹ̀, lọ sí Japara. Nimotalahi kò ní ṣe iṣẹ́ míràn tó bá ti rí ìwádìí ṣe. Ó padà dé pẹ̀lú ojú tó le.

"Gbogbo ọkùnrin ulé yẹn pátá, urungbọ̀n dé àyà! Bàbá, àbúrò, ọmọ! Kí ni wọ́n ń bò? Ọ̀kan ṣoṣo tó fá tiẹ̀, ṣebí ẹ gbọ́ bí àgbọ̀n ẹ̀ ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù? Àpá, kókó, ẹ̀jẹ̀! Ìyá arúgbó kan wí fún mi pé bí ti bàbá náà ṣe rí nìyẹn nígbà èwe. Ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ̀tẹ̀ ló wà lábẹ́ urungbọ̀n wọn!"

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀tẹ̀! Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti jáde lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò sí ẹni tó ń bi í léèrè mọ́. Àǹtí Asimawu ní òun kò gbọ́, òun kò rí, ọmọ òun kò lọ.

Haneefah kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Màámi, èmi ni mo tọ́jú ojú yẹn. Irun tó ká wọnú ara ni."

"Ìfẹ́ ti fọ́ ẹ lójú."

"Èmi náà rí i, Àǹtí," mo dá sí i.

"Ìwọ Shukurat! Ìwọ tí o jókòó tì wọ́n títí ọ̀rọ̀ fi débí, ìwọ gan-an ni mo kọ́kọ́ ń bínú sí!"

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbóná, ọ̀rọ̀ mi kì í sì í ṣe omi.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Àǹtí ní kí wọ́n máa bọ̀, kí òun lè fi ẹnu ara òun sọ fún wọn pé rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun lé àlejò. Haneefah pe Zubair, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Haneefah gbọ́ bí Zubair ṣe mí kanlẹ̀.

"Ó di dandan kí n bá Baba sọ̀rọ̀ wàyí," ni ó wí. "Ti ẹ̀tẹ̀, àti ti abẹ́rẹ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, a tẹ́ ẹní, a to àga. Haneefah wà ní yàrá, ojú rẹ̀ ti wú. Nígbà tí àwọn àlejò wọlé, mo rí Zubair, mo rí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bàbá àgbàlagbà tó ṣáájú wọn. Ó wé láwàní funfun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú, àmọ́ àgbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ó mọ́lẹ̀ kedere, bí awọ tí oòrùn kò pa rí.

Ó kí wa, kò jókòó. Ó rìn lọ síwájú Àǹtí Asimawu, ó bẹ̀rẹ̀, ó na àgbọ̀n rẹ̀ sí i.

"Èmi ni Làmídì. Ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo rántí irùngbọ̀n funfun tí mo ti rí nínú fọ́tò tí Zubair fi hàn wá. Bàbá yìí ti gé e.

"Àtìgbà tí mo ti dá a sí, kílípà kò kàn án rí, àfi òwúrọ̀ òní," ni ó wí. "Wọ́n ní mo fi ń bo nǹkan. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní géńdé, mo ń fá a, kókó sì yọ sí mi bíi ti ọmọ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo dá a sí, kókó lọ. Gbogbo ayé ní nítorí ẹ̀sìn ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìtìjú ni mo fi bò. Ẹ̀tẹ̀ kò wọ ulé mi rí. Ọlọ́run mọ èrò ọkàn mi tí mo fi gé e."

Àǹtí Asimawu wò ó. Ó wò ó títí, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ta ni kò mọ ohun tí irùngbọ̀n jẹ́ fún bàbá tó ti di àgbà nínú ẹ̀sìn?

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ó wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ẹ forí jì mí. Ẹ dákun, ẹ jókòó."

N kò mọ ìgbà tí Nimotalahi sá lọ sí ilé ìdáná.

Haneefah ti gbọ́ ohun gbogbo láti yàrá. Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀. Baba Làmídì wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìwọ lo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gbé e padà. Uṣẹ́ ẹ̀mí èèyàn lọmọ mi ń ṣe. Kí èéfín má pa á nítorí pé mo fẹ́ kó jọ mi." Ó fọwọ́ pa àgbọ̀n òfìfo ara rẹ̀. "Tèmi á tún hù. Á tó àwa méjèèjì."

Zubair dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Bàbá rẹ̀ fà á dìde, ó fi àtàńpàkò gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ wò láti etí kan dé etí kejì.

"Ó mọ́," ni ó wí. "Ọwọ́ ùyàwó mi dáa."

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Àǹtí Asimawu ti ń béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí a so yìgì.