Pẹ́pẹ́yẹ Onígi Tó Kọ̀yìn sí Agbo

Ojú Hance Dize là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́. Ó jókòó sórí pákó nínú ibùba rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri esùsú. Ìbọn rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ihò ọta wà láyà rẹ̀.

Norris Bozman di àkàsọ̀ mú kó má baà jábọ́ sómi. Ẹ̀ṣọ́ ìjọba ni, òun ló ń mú ọdẹ tó bá pa pẹ́pẹ́yẹ kọjá iye tí òfin gbà. Ọlọ́pàá ẹyẹ ni wọ́n ń pè é ní Erékùṣù Teague. Òkú ẹyẹ ló mọ̀. Ti èèyàn kò sí lára iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún un.

Ẹ̀rù bà á, ìdí ẹ̀rù náà kò sì jìnnà. Lọ́sàn-án àná, ọjọ́ Ẹtì, lójú gbogbo ará ọjà, Alton àbúrò rẹ̀ na ìka sí Hance, ó ní, "Inú ibùba yẹn lẹ máa kú sí!" Hance ló kọ̀ láti fún un ní Idella, ọmọ rẹ̀, fi ṣe aya. Idella bínú kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Hance nìkan ló wà nílé, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ bóyá ó sùn síbẹ̀ tàbí kò sùn síbẹ̀.

Norris fọwọ́ kan ẹ̀wù òkú náà. Yìnyín ti dì lé èjìká àti itan rẹ̀, ó le bí awo. Ó gbé e sókè díẹ̀. Pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú.

Òjò yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lánàá, ó sì ti dá kí òru tó jìn. Ní aago mẹ́rin ìdájí ni afẹ́fẹ́ àríwá rọlẹ̀ tí ti gúúsù gba ipò rẹ̀. Norris gbọ́ ọ bó ṣe ń gbá fèrèsé. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń yọ́ yìnyín yìí báyìí, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀.

Ó yíjú wo omi. Orí òpó ni ibùba náà wà, omi yí i ká. Ọgọ́ta pẹ́pẹ́yẹ onígi, tí ọdẹ fi ń tan ẹyẹ wálẹ̀, ń mì lápá àríwá rẹ̀, okùn àti òjé ló dì wọ́n mú. Ẹni tó tò wọ́n mọṣẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ a máa dojú kọ afẹ́fẹ́ bó bá fẹ́ bà, ọdẹ a sì máa fi àyè sílẹ̀ fún un láàárín àwọn onígi. Àyè yìí ṣí sí àríwá, bó ṣe yẹ fún afẹ́fẹ́ gúúsù. Ẹyọ kan dá wà lẹ́sẹ̀ ibùba, ó kọ̀yìn sí gbogbo agbo.

Norris tún wo òkú. Gúúsù ni Hance dojú kọ. Ọdẹ wo ló ń kọ̀yìn sí ohun tó fi ń tan ẹyẹ?

Kò tíì ronú débì kan tí ọkọ̀ kan fi dé. Lemuel Pruitt ló wà níwájú, arúgbó ọdẹ tó ń bá Hance ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ogún ọdún. Orville, apẹja kan, ń wa ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Hance!" Lemuel pariwo. "Yéè! Aago márùn-ún ìdájí yìí ni mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní èbúté! Ó ní, 'Lem, gúúsù ló ń fẹ́, mo ń lọ to pẹ́pẹ́yẹ mi.' Ibẹ̀ la ti pínyà, mo padà lọ sùn."

"Ó dá yín lójú, Bàbá Lem?"

"Ṣé mo máa fi òkú ọ̀rẹ́ mi ṣeré ni?" Ó fi apá nu ojú. "Alton nìkan ló wà lórí omi láàárọ̀ yìí. Ó lọ wa ìsán oníkarahun lábẹ́ omi. Ọlọ́run má bínú sí mi, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ lánàá."

Nígbà tí wọ́n fi gbé Hance sọ̀kalẹ̀, yìnyín ti di omi pátápátá. Òun nìkan ló rí i. Ta ni yóò gba ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ àbúrò?

Ìyá Verna tó ni ilé ìtajà ti tẹ ọ̀gá ọlọ́pàá láago. Ọkọ̀ aago méjìlá ni yóò bá dé. Aago mẹ́wàá ti lù, wọ́n sì máa ń so apànìyàn kọ́ ní ìlú tí ọlọ́pàá ti ń bọ̀.

Norris fa Alton, tó ti dé láti orí omi, lọ sẹ́yìn àgbá epo ilé ìtajà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

"Níbo lo wà lánàá nígbà tí oòrùn ń wọ̀?"

"Àná kẹ̀? Ṣebí àárọ̀ yìí ni wọ́n pa á."

"Dá mi lóhùn."

"Mi ò lè sọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Alton, wọ́n máa so ẹ́ kọ́!"

"Mi ò lè sọ." Ó wolẹ̀. "Àmọ́ mi ò pa á. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?"

Norris fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí omi. Ìyá wọn fi ọmọ yìí lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Òun ló kọ́ ọ lọ́kọ̀ wíwà, ṣùgbọ́n Lemuel ló kọ́ ọ ní títo pẹ́pẹ́yẹ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn, torí pé ohun kan ti yé e wàyí. Hance ti kú kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan wá padà lẹ́yìn aago mẹ́rin, ó sì tún pẹ́pẹ́yẹ tò fún afẹ́fẹ́ tuntun, torí bí wọ́n bá wà níbi tí wọ́n wà lánàá, ọmọ erékùṣù tó bá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan á mọ̀ pé òkú àná ni.

Norris kó ìkarahun ìsán méjìlá sórí tábìlì ńlá inú ilé ìtajà Ìyá Verna. Gbogbo èèyàn yí i ká. Ìbọn mẹ́fà fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe máa ń wà lásìkò ọdẹ.

"Àwọn pẹ́pẹ́yẹ yín rèé," ó wí. "Ibi tí mo jókòó sí yìí ni ibùba. Ẹ̀yìn mi ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Pemberton, ẹ bá mi tò wọ́n."

Pemberton ni àlejò olówó láti Baltimore, tí Hance lé kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ torí pé ó yìnbọn pa ẹyẹ tó ń sùn. Òun náà ti búra pé òun á gbẹ̀san.

"Eré ọmọdé wo rèé? Èèyàn kú!" Ó sì tò wọ́n sílà kan gbọọrọ bí ọmọléèwé.

"Pẹ́pẹ́yẹ yẹn ń lọ sógun ni?" Ìyá Verna bi í. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè pa ẹnu dé.

"Ó tó," Norris wí. "Alton, ó kàn ẹ́."

Alton bẹ̀rẹ̀ sí tò. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Apá kan, apá kejì, àyè láàárín. Ó ku ẹyọ kan. Ó gbé e sókè, ó dúró, ó ń ronú. Norris ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé: Bó bá fi gbé e síwájú mi níbí, bí ẹyọ tó dá wà lẹ́sẹ̀ ibùba, mo ti pa àbúrò mi.

Alton gbé e sínú àwọn yòókù.

Norris kó àwọn ìkarahun náà jọ. "Bàbá Lem."

"Èmi kẹ̀? Ta ló ń dán mi wò nínú iṣẹ́ yìí? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ṣe é."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ káwọn ọmọdé rí i nìyẹn."

Ìyìn kò bí arúgbó nínú. Ó fà wọ́n mọ́ra, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Apá kan, apá kejì, àyè láàárín. Ó gbé èyí tó kẹ́yìn síwájú Norris gan-an, òun nìkan.

"Kí lèyí ń ṣe níbí, Bàbá?"

"Ẹ̀ṣọ́ ni. Bàbá mi ló kọ́ mi. Agbo tí kò bá lẹ́ṣọ́, pẹ́pẹ́yẹ ò ní fọkàn tán an. Ọ̀pọ̀ ò gbà á. Alton yìí pàápàá pa á tì. Hance náà máa ń fi mí ṣe..."

Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí ìkarahun náà.

"Ó máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́," Ìyá Verna wí jẹ́jẹ́. "Ojoojúmọ́, lórí tábìlì yìí. Ó ní ìranù ni."

"Ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ ibùba Hance láàárọ̀ yìí," Norris wí. "Ó ṣì wà lórí omi. Orville, ṣé o rí i?"

Orville dáhùn: "Mo rí i. Ọkọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ún."

"Mo... mo bá a tò ó ni," Lemuel wí.

"Ẹ ní èbúté lẹ ti pínyà. Ẹ ní ẹ padà lọ sùn."

Lemuel wo àwọn ìbọn lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló sún mọ́ wọn jù. 

"Yìnyín wà lára ẹ̀, Bàbá Lem," Norris wí. "Pákó ìdí ẹ̀ gbẹ. Àná lẹ pa á."

Arúgbó náà jókòó wọ̀ọ̀. Ó bo ojú.

"Mi ò lè gòkè lọ wò ó," ó wí. "Inú ọkọ̀ ni mo ti tò wọ́n, nínú òkùnkùn. Mo ń gbọ́ bí ẹni pé ó ń pè mí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Ọwọ́ mi ló fi í síbẹ̀."

"Kí ni Hance ṣe fún yín?"

"Bàbá mi ló ri àwọn òpó ibùba yẹn mọ́lẹ̀! Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ìjọba ń gbà sínú ìwé àṣẹ ibùba. Nígbà tí mo ń ṣàìsàn ni mo ní kí Hance fi tiẹ̀ sí i. Mo ní tí ara mi bá yá, á dá a padà fún mi. Lánàá, a ń múra láti kó pẹ́pẹ́yẹ nílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa gbé ìwé náà fún Alton."

"Fún èmi?" Alton wí.

"Ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ó ní inú òun ti rọ̀. Ó ní bó o ṣe na ìka sí òun lójú gbogbo ayé yẹn, ọmọ tó lè jà fún Idella nìyẹn. Ìbọn ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ń bá a gbé e. Ibùba bàbá mi! Mi ò mọ ìgbà tí mo yìn ín. Nígbà tó yá, mo rò pé tí wọ́n bá so ìwọ kọ́, ìwé á padà wálé." Ó wá ń sunkún. "Ó ní kó o wá jẹun lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Àìkú. Òun fúnra òun ló máa se ọbẹ̀ ìsán."

Idella ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó dé. Ó rìn kọjá Lemuel láìwò ó, ó wá dúró ti Norris.

"Ọ̀dọ̀ mi ló wà lánàá, Bọ̀dá Norris. Ní ilé àǹtí mi. Mo ní kó má sọ, torí bàbá mi."

Lórí omi, fèrè ọkọ̀ aago méjìlá tó gbé ọlọ́pàá dún. Orville kó àwọn ìbọn jáde. Alton kò gbọ́ fèrè, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Inú ibùba yẹn lẹ máa kú sí," ó ń wí. "Ohun tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn, Idella. Ó ti dárí jì mí, mi ò sì mọ̀."

Idella di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú tirẹ̀ gbẹ.

"Ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú," ó wí. "Wá jẹun."