Ewé Funfun Inú Ẹní Àmọ̀kẹ́

Wúràọlá tẹ x kan, ó fo àyè díẹ̀, ó tún tẹ òmíràn. Ó ń mi ètè bí ẹni tó ń ka orin. Ibẹ̀ ni Bólúwadúró, tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà náà n'Íkẹ̀rẹ́, ti kọ́kọ́ rí i.

"Àǹtí, ṣé adìyẹ ló ń rìn lórí kọ̀ǹpútà mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹní ni, bọ̀dá. X ni ewé dúdú. Ibi tó ṣófo ni ewé funfun."

Nílé wọn l'Ógòtún, ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ láìgbé ẹní tó ní àrà ìyá rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ Àmọ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹní rẹ̀ tó kẹ́yìn sin bàbá. Orí ìyá nìkan ni àrà náà kù sí, dọ́kítà sì ti ní kò ní pẹ́ mọ́. Ìyá ń pè é nílé, ọmọ ń há a sórí, ó ń wá tẹ̀ ẹ́ n'Íkẹ̀rẹ́. Abigail, àbúrò ìyá, tó jẹ́ olùkọ́ n'Ímẹ̀sí-Lásígidì, ni yóò bá wọn hun ún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún kì í gbé fọ́tò. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbé.

Bólúwadúró bẹ̀rẹ̀ sí í fi àga tí kì í mì pa mọ́ fún un. Kí Wúràọlá tó tẹ àrà náà tán, orúkọ tí Bólúwadúró ń pè é ti di Olólùfẹ́.

Bólúwadúró ló fi àrà náà ránṣẹ́ sí Abigail nínú ímeèlì. Nígbà tí ẹní dé, gbogbo ìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ̀kẹ́ wò ó, ó kọjú sógiri.

"Ẹ gbé e kúrò n'ulé mi."

"Ìwọ lo fi ránṣẹ́, Dúró," ni Wúràọlá wí. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Bólúwadúró fi àrà náà ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, kó lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ímeèlì ti gbé àwọn àyè náà mì: ibi tó bá ti fẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń fi sílẹ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn ìyá, ó ṣàlàyé.

"Ẹ̀yin ń pe funfun ní òfìfo," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ kò jálẹ̀. "Ewé ni. Èmi a máa kà á."

Bólúwadúró padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi lẹ́tà o sí gbogbo ibi tó ṣófo, ó mú irú lẹ́tà tí gbogbo rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, kò yẹ̀. Ó wá fi ṣọwọ́ sí Abigail, ó sì pè é lórí fóònù.

"Ẹ ka ìlà kìíní fún mi, mà."

Ó pé.

Nígbà tí ẹní kejì dé, Wúràọlá tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ojú Àmọ̀kẹ́ ń rìn láti ewé dé ewé, títí dé etí.

"Òun nìyí. Dúró, o mọ ohun tí a ń fi ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, màmá."

"Ká a. Gbé e lọ s'ulé rẹ. Ọmọ mi á tẹ̀ lé e."

Ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì kéde ìgbéyàwó wọn tán tí ìyá fi kú. Wọ́n gbé ara wọn níyàwó láìsí àsè. Wúràọlá dùbúlẹ̀ sórí ẹní náà, ìka rẹ̀ ń ka dúdú, ó ń ka funfun. Bólúwadúró ń bá a kà á.