Aago Ìkìrun Lórí Kọ̀ǹpútà Aunty Rachael

"Ṣìkẹ́mi, ó tún ti lé mi jáde."

Aunty Rachael sọ ọ́ bí ẹni tí onílé ju ẹrù rẹ̀ síta. Ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun nílé rẹ̀ ní Lawrenceville, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà níwájú rẹ̀. Ó ti tẹ orúkọ rẹ̀, ó ti tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ojú ewé ìdánwò náà yọ fìrí, ó sì tún dá a padà síbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Aunty Rachael ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ fáwọn nọ́ọ̀sì: ó ń gbé aláìsàn dìde, ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń jókòó ti àwọn tí ọmọ wọn kò ráyè wá wò wọ́n. Lọ́dún yìí ló pinnu pé òun náà yóò di nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti ṣí ìdánwò sórí ìkànnì wọn láti ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sì tì í. Ẹni tí kò bá rí i ṣe, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ṣìkẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni wọ́n ń pè ní "Engineer" nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ilé Aunty Rachael ló máa ń dúró sí lẹ́yìn ilé ìwé títí ìyá rẹ̀ yóò fi parí iṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Suwanee. Orúkọ Engineer yìí dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá ń pè ní Engineer kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu òun. Orí àga ìrọ̀gbọ̀kú tó nà sí ló ti wo kọ̀ǹpútà náà lókèèrè, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì dìde.

"Aunty, server wọn ló ní problem," ó ní. "Èrò ti pọ̀ jù lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di tomorrow."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Aunty."

Kò dá a lójú rárá. Ohun tó mọ̀ nípa sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ náà, kò ju ohun tí ìwọ tó ń ka ìtàn yìí mọ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú, bákan náà ló rí. Aunty Rachael wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣe ìdánwò tirẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kan náà, láìsí wàhálà kankan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kò lè jẹ́ ti sáfà mọ́. Níta, ìyá Ṣìkẹ́mi ti ń tẹ hóònù ọkọ̀. Engineer ní láti wá èsì mìíràn kíákíá.

"Kí ni Eli fi sórí laptop yín last month? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ohun yẹn ló ń bá browser yín jà. Tí mo bá wá on Friday, màá yọ ọ́."

Eli ni ọmọkùnrin tó máa ń gbé orin àti ẹsẹ Bíbélì sójú pátákó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì bàjẹ́, Aunty Rachael yá wọn ní tirẹ̀, Eli sì fi ètò tó ń gbé orin jáde sórí rẹ̀. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi dé etí Uncle Oyèkànmí, olórí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì, nípàdé Bíbélì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, "àfàìmọ̀" ti já bọ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí Eli máà tíì fọwọ́ kan ohunkóhun níbi ẹ̀rọ. Eli fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ṣìkẹ́mi lórí fóònù: "Kí ni mo ṣe?" Ṣìkẹ́mi kà á, kò fèsì.

Ọjọ́bọ̀, Aunty Rachael wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí méjìlá. Ọjọ́ Ẹtì dé. Wọ́n tètè dá àwọn ọmọ ilé ìwé sílẹ̀, Ṣìkẹ́mi sì wọlé láago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó bá Aunty Rachael nídìí tábìlì kan náà, tó káwọ́ lé itan.

"Wọ́n á tì í by five," Aunty Rachael ní. "Two hours ni exam yẹn, torí náà mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta. Tí kò bá ṣí, màá gbà pé kò sí nínú ìpín mi."

Kò pariwo, kò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló dun Ṣìkẹ́mi. Ojú tì í, nítorí ó rántí pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun kò tíì fi ọwọ́ ara òun kan kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì mú ìwé àti bírò.

Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ó pín ọ̀rọ̀ náà sí mẹ́ta: ó lè jẹ́ sáfà ilé ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ ọ̀nà tí ìntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ilé, ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ó fi orúkọ Aunty Rachael wọlé lórí fóònù tirẹ̀. Ojú ewé náà ṣí, ó dúró digbí, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdánwò náà kò gba fóònù, àfi kọ̀ǹpútà tó ní kámẹ́rà. Ṣìkẹ́mi kọ ọ́ sílẹ̀: sáfà kọ́. Kọ̀ǹpútà tí ilé ìwé fún òun náà wà nínú báàgì, àmọ́ wọ́n ti dí gbogbo ìkànnì tí kì í ṣe ti ilé ìwé mọ́ ọn.

Ó so kọ̀ǹpútà Aunty Rachael mọ́ ìntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ̀. Ó tún lé wọn jáde. Wi-Fi ilé kọ́. Ó lo búráúsà mìíràn, ó lé wọn jáde. Ó nu gbogbo ohun àtijọ́ tí búráúsà tọ́jú pa mọ́, ó lé wọn jáde. Ó wá fa ètò orin Eli yọ tegbòtegbò, ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó tún un tàn.

Ó lé wọn jáde.

Ó tún mú bírò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Eli kọ́.

"Aago mẹ́jọ ti lù nílé," Aunty Rachael ní, ó dìde. "Jẹ́ kí n pe Màmá kí wọ́n lo oògùn wọn."

Ìyá Aunty Rachael wà ní Ìkìrun, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n sì ń lo oògùn. Bí ọmọ wọn kò bá pè láti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gbàgbé. Aunty Rachael ti wọ ilé ìdáná tòun ti fóònù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ Ṣìkẹ́mi létí dáadáa. Báwo ni Aunty ṣe mọ̀ pé aago mẹ́jọ ti lù? Ó wo igun kọ̀ǹpútà náà nísàlẹ̀: aago mẹ́jọ alẹ́. Ó wo fóònù rẹ̀: aago méjì ọ̀sán. Wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín wọn.

Oṣù Kọkànlá ló rántí. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá aago padà sẹ́yìn, wákàtí márùn-ún tó wà láàárín ibẹ̀ àti Nàìjíríà di mẹ́fà. Aunty Rachael pe ilé ní àkókò tó ti máa ń pè, Màmá sì ti sùn láìlo oògùn. Ó bẹ Ṣìkẹ́mi pé kó bá òun fi aago Nàìjíríà sórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kí èèyàn fi aago kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́, kò sì lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ Ṣìkẹ́mi wà nínú ọkọ̀ níta lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ lọ sí mall. Ó kàn ti aago náà síwájú ní wákàtí mẹ́fà. "Ó ti parí, Aunty." Bí ó ṣe sáré jáde nìyẹn.

Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Nílé ìwòsàn tí Aunty Rachael ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń lẹ ìwé pélébé mọ́ àyà àlejò, wọ́n á kọ aago tí yóò parí sára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sáfà ṣe ń fún ẹni tó bá wọlé ní ìwé àṣẹ oníwákàtí kan, tí wọ́n ń sọ dọ̀tun níwọ̀n ìgbà tí ẹni náà bá ṣì wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún Aunty Rachael yóò parí láago mẹ́ta, kọ̀ǹpútà sì gbà pé aago mẹ́jọ ti kọjá. Ó rí i bí ìwé tó ti parí, ó sì lé olówó rẹ̀ jáde. Sáfà kò lé Aunty Rachael rí. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ń lé e, Ṣìkẹ́mi ló sì kọ́ ọ.

Ó dá aago náà padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Ó tún ojú ewé náà ṣí, ó ka oókan dé ọgọ́ta. Ojú ewé náà kò mira.

Láti ilé ìdáná, ó ń gbọ́ tí Aunty Rachael ń bá Màmá ṣàwàdà. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó lè sọ pé, "Aunty, mo ti yọ ti Eli kúrò, ó ti ṣí." Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ló dùn pa jù, èyí tí wọ́n fi òtítọ́ bò lára.

Aunty Rachael padà wọlé, ó rí ojú ewé ìdánwò náà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ṣí. Ṣìkẹ́mi, ó ṣí. Engineer mi, Olúwa á gbé ẹ ga. Mo mọ̀ pé ti Eli yẹn ni. Uncle Oyèkànmí máa gbọ́ on Sunday."

Ìwé tí Ṣìkẹ́mi kọ nǹkan sí wà níwájú rẹ̀. "Eli kọ́" wà níbẹ̀ gàdàgbà, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Ó rántí iṣẹ́ tí Eli rán sí i tí kò fèsì. Ó kúnlẹ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, Eli kọ́. Èmi ni." Ó sọ ti aago, ó sọ ti mall, ó sọ pé òun kò yẹ nǹkan kan wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí òun tó dá sáfà lẹ́bi.

Aunty Rachael fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Dìde," ó ní. "Exam ni mo fẹ́ ṣe báyìí. Tí mo bá ṣe tán, a máa sọ̀rọ̀." Ó wọ ìgò ojú rẹ̀. "Àmọ́ má lọ jìnnà o. Tó bá tún lé mi jáde ńkọ́?"

Ṣìkẹ́mi jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé nínú òtútù oṣù Kejì, ó sì pe Eli. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìdá nǹkan kan sí. 

"O rí text mi," Eli ní. "O ò tiẹ̀ reply."

"Ojú ń tì mí. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Kí ló wá mú ẹ sọ ọ́? Nobody would have known."

"Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe ìwọ. Mi ò wá lè pa á rẹ́."

Eli tú ìmí jáde. "Okay. Ìwọ lo máa ká gbogbo wáyà lẹ́yìn service on Sunday. Gbogbo ẹ̀."

"Màá ká a."

Nígbà tí aago mẹ́rin ààbọ̀ ń lọ lù, ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Aunty Rachael dúró síbẹ̀ tòun ti ìgò ojú lórí irun, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti gbé result jáde. Mo yege. Ṣìkẹ́mi, mo pa á."

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n fò sókè, wọ́n fò débi pé ajá aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Inú Ṣìkẹ́mi dùn ju ọjọ́ èyíkéyìí tí wọ́n ti pè é ní Engineer. Lẹ́yìn náà ni Aunty Rachael jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn.

"Tí mi ò bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn, tí mo kàn kọ number tó wù mí sílẹ̀, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

"Irọ́ ni, Aunty."

"Ó sì lè pa èèyàn. Ohun tí o ṣe on Tuesday nìyẹn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ èyí tí o ṣe lónìí, mo mọ àgbàlagbà púpọ̀ tí kò lè ṣe é."

Ní ọjọ́ Àìkú, Ṣìkẹ́mi dúró níwájú Uncle Oyèkànmí àti gbogbo àwọn ẹlẹ́rọ, ó jẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ tán. Eli padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Uncle Oyèkànmí gba ìwé tí Ṣìkẹ́mi fi yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ẹ̀rọ, ó sì kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: "Kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná." Wáyà ọjọ́ náà jẹ́ mẹ́rìnlá. Ṣìkẹ́mi ló ká gbogbo rẹ̀, Eli jókòó, ó ń kà á fún un sókè.

Wọ́n ṣì ń pè é ní Engineer. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan nísinsìnyí, èsì rẹ̀ ni, "Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò." Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò yẹ̀ wò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ti ń tọ́jú aláìsàn láti ọdún mọ́kànlá, ó sì lè lé aláìṣẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó sì ti rí i pẹ̀lú pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ ní àkókò lè tún ilẹ̀kùn náà ṣí.

Aunty Rachael ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Aago oríṣi méjì ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ báyìí, Atlanta lókè, Ìkìrun lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà tún yí aago padà lóṣù Kẹta, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó tún ara rẹ̀ ṣe. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni Ṣìkẹ́mi fi ṣe é, Màmá kò sì tíì sùn láìlo oògùn láti ìgbà náà.